Ọgbẹ́ inú ẹṣin: ṣé àìsàn ni, àbí bí a ṣe ń sìn ín ló ń fà á?

Bí dókítà ẹranko bá ti okùn oníkámẹ́rà gba imú ẹṣin ìje 10 tó wà lẹ́nu ìdánrawò, títí tó fi dé inú agbẹ̀du wọn, ó ṣeé ṣe kó bá ọgbẹ́ lára 8 tàbí 9 nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí okùn tó gùn tó láti dé ibẹ̀ ti dóde, ni àwọn olùwádìí ti ń rí i ní orílẹ̀-èdè kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹṣin tí wọ́n fi ń fo igi nínú ìdíje, ẹṣin tí wọ́n ń gùn ṣe fàájì, èyí tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń gun ẹṣin, tiwọn kò pọ̀ tó ti ẹṣin ìje, àmọ́ kò sí èyí tó bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá.

Ohun tó wá dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni pé, bí àìsàn kan bá ń bá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹranko tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan jà, ṣé ara ẹranko náà ló yẹ ká máa wò, àbí ilé tí a tì í mọ́ àti aago tí a fi ń bọ́ ọ? Oògùn wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá lo oògùn tán tó sì padà síbi tí wọ́n ti ń bọ́ ọ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ọgbẹ́ náà kì í pẹ́ tún yọjú. Ní tèmi o, ẹ̀bi náà wà lọ́wọ́ àwa èèyàn ju ara ẹṣin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣi ọgbẹ́ kan wà tí kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ṣàlàyé. A máa dé ibẹ̀.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ ká mọ irú ikùn tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹṣin tó wọn 500 kílò kì í ṣe ẹranko kékeré, síbẹ̀ agbẹ̀du rẹ̀, ìyẹn àpò tí oúnjẹ kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí, kì í gbà ju lítà 8 sí 15 lọ. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú ara rẹ̀. Màlúù lè já koríko kíákíá kó ikùn, kó wá lọ dùbúlẹ̀ síbì kan láti jẹ àpọ̀jẹ. Ẹṣin kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ, ó sì ń jẹ kiri ni. Nínú pápá tí ẹnikẹ́ni kò ti dí i lọ́wọ́, wákàtí 14 sí 18 nínú 24 ló fi ń já koríko jẹ, tọ̀sán tòru.

Ara rẹ̀ ti fi í sọ́kàn pé oúnjẹ kò ní tán níwájú òun. Nítorí náà, ásíìdì tó wà nínú agbẹ̀du rẹ̀ kì í sinmi. Tiwa èèyàn máa ń pọ̀ sí i nígbà tí oúnjẹ bá ń bọ̀. Ti ẹṣin ń sun ní gbogbo ìgbà, ìbáà máa jẹun, ìbáà máa sùn, ìbáà jẹ́ pé wọ́n tì í mọ́lé láìsí ewé kan níwájú rẹ̀. Itọ́ ló ń bá a pa oró ásíìdì yìí, torí pé bicarbonate wà nínú rẹ̀. Ẹṣin tó ń rí koríko jẹ dáadáa lè ṣe itọ́ tó lítà 35 sí 40 lójúmọ́. Àmọ́ itọ́ rẹ̀ kì í dà lásán. Ajá lè rí abọ́ oúnjẹ lókèèrè kí itọ́ máa kán lẹ́nu rẹ̀. Ti ẹṣin kò rí bẹ́ẹ̀, àfi tó bá ń rún nǹkan lẹ́nu. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: bí oúnjẹ bá tán, itọ́ á dúró, ásíìdì ò ní dúró.

Ẹ wá wo bí oúnjẹ ṣe yàtọ̀ síra. Kílò kan koríko gbígbẹ lè gba ẹṣin ní nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, á sì rún un ní ìgbà tó lé ní 3,000 kó tó gbé e mì tán. Kílò kan ọkà, bíi óòtì tàbí bálì, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ, rírún rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 1,000. Ẹṣin tí wọ́n gbé ọkà fún láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú koríko díẹ̀ láàárín, lè sanra, kí ara rẹ̀ máa dán, kó sì lágbára láti sáré. Ẹnu rẹ̀ ni kò ríṣẹ́ ṣe.

Nǹkan méjì mìíràn tún yà á sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́, ẹṣin kì í bì. Iṣan tó wà lẹ́nu agbẹ̀du, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọlé, le gan-an, ọ̀nà ọ̀fun náà sì dagun wọ inú rẹ̀, débi pé bí agbẹ̀du ṣe ń kún sí i ni ẹnu rẹ̀ ń fún pa sí i. Kódà kì í sábàá gùnfẹ̀. Ohun tó bá ti gbé mì, iwájú nìkan ló kù tó lè gbà. Bí iwájú bá dí, agbẹ̀du lè bẹ́ mọ́ ọn nínú, ẹṣin tí tirẹ̀ bá sì bẹ́ kò lè yè é. Ìkejì, kò ní àpò òróòro. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣe omi òróòro dáadáa, àmọ́ kò sí ibi tó ń tọ́jú rẹ̀ sí de ìgbà oúnjẹ ọlọ́ràá. Ṣe ló ń ṣàn lọ tààrà sínú ìfun láìdúró. (Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń fi òróró kún oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń lò ó láìsí wàhálà, èyí tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lẹ́nu.)

Ìwádìí lórí àbùdá ẹṣin tó jáde ní ọdún 2021 tọ́ka sí pápá koríko gbalasa tó wà ní agbègbè odò Don àti Volga, ní Rọ́ṣíà, gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn ẹṣin tí èèyàn ń sìn lóde òní ti ṣẹ̀, ní nǹkan bí 4,200 ọdún sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, a ti fi yíyan akọ àti abo yí gíga rẹ̀, eré rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ padà. Ikùn pápá yẹn ló ṣì gbé wọ inú ilé tí a kọ́ fún un.

Agbẹ̀du náà fúnra rẹ̀ kò rí bákan náà látòkè dé ìsàlẹ̀. Apá òkè, tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ní awọ tó funfun, irú èyí tó wà nínú ọ̀nà ọ̀fun, kò sì ní ohun kan gbòógì tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ásíìdì. Apá ìsàlẹ̀ pupa, ibẹ̀ ni ásíìdì ti ń sun jáde, àmọ́ ó ní ikun tó nípọn tó fi bo ara rẹ̀. Ìlà kan tó hàn gbangba ló pín àwọn méjèèjì níyà. Ìtòsí ìlà yìí, lápá òkè, ni ọgbẹ́ ti wọ́pọ̀ jù lọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò díjú. Tí koríko bá wà nínú agbẹ̀du, á léfòó sórí omi, á sì bo ásíìdì mọ́lẹ̀. Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, tí ẹni tó gùn ún sì ní kó sáré, iṣan ikùn á fún agbẹ̀du, ásíìdì á sì máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n lu òkè, bí omi ìdajì kẹ́ẹ̀gì tí èèyàn gbé sáré. Kò dìgbà tó bá ń sá eré àsápajúdé. Kété tó bá ti kúrò lórí ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni fífún náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá rántí pé ọ̀pọ̀ ẹṣin ìje ni wọ́n ń kó jáde ní kùtù hàì, lẹ́yìn òru tí koríko wọn ti tán kí ilẹ̀ tó mọ́, torí èrò kan tó ti pẹ́ pé ẹṣin tí ikùn rẹ̀ ṣófo ló ń sáré dáadáa. Ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà ẹranko ń gbani báyìí yàtọ̀ pátápátá: kí wọ́n fún un ní koríko díẹ̀, tí kò ní kún ikùn, ní bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó gùn ún. Alfalfa, oríṣi ewéko kan tí wọ́n ń gbìn fún ẹran jẹ, dára fún èyí, torí pé calcium inú rẹ̀ ń bá wọn dín agbára ásíìdì kù.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí ẹṣin 201 ní Denmark, tó jáde ní ọdún 2009, jẹ́ ká rí ohun tó ń kó ẹṣin sínú ewu jù. Ẹṣin tí àlàfo oúnjẹ koríko rẹ̀ lé ní wákàtí 6 wà nínú ewu. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń jẹ sítáàṣì (èròjà tó pọ̀ nínú ọkà) tó pọ̀ lóòjọ́, èyí tí pòròpórò nìkan jẹ́ koríko rẹ̀, àti èyí tí kò rí omi mu nígbà tó bá wà ní pápá. Tí ẹ bá kà á dáadáa, kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹṣin níbẹ̀.

Mímọ̀ pé ọgbẹ́ wà níbẹ̀ ni ìṣòro mìíràn. Àwọn olùtọ́jú ẹṣin máa ń ka àmì rẹ̀ sórí ìka: ó ń fi ọkà sílẹ̀ láìjẹ, ó ń rù, ara rẹ̀ kò dán mọ́, ó ń kanra, ó ń fẹ́ gé èèyàn jẹ nígbà tí wọ́n bá ń fa okùn gàárì mọ́ ọn níkùn, ó ń fi eyín gé igi ilẹ̀kùn. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ àmì ọgbẹ́. Gbogbo rẹ̀ sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún tàbí gàárì tí kò bá a mu lè mú kó bínú sí okùn gàárì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin tí agbẹ̀du rẹ̀ ti họ rẹpẹtẹ lè máa jẹ, kó máa sáré, kó má fi nǹkan kan hàn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹṣin, tí wọ́n á ní àwọn ti rí ọgbẹ́. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ tó ṣeé gbọ́kàn lé fún un. Kámẹ́rà nìkan ni.

Àyẹ̀wò kámẹ́rà náà gba sùúrù. Wọ́n á kó oúnjẹ kúrò níwájú ẹṣin fún nǹkan bí wákàtí 12 sí 16, wọn á sì gbé omi kúrò ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú. Dókítà á gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń múni tòògbé, orí ẹṣin á wálẹ̀, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rọ̀. Wọ́n á wá máa ti okùn tó gùn tó mítà 3 wọ ihò imú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dúró dè é kó gbé e mì, kí okùn má bàa lọ sọ́nà ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá dé inú agbẹ̀du, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó lè là. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí apá òkè tó funfun, ìlà tó pín in, àti apá ìsàlẹ̀ tó ń dán. Níbi tí ìyà ti jẹ ẹ́, awọ funfun náà á ti pọ́n, á nípọn, tàbí kó bó, kí ẹran pupa hàn lábẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Dókítà á fún apá òkè ní máàkì láti orí òdo dé 4. Fún apá ìsàlẹ̀, wọn kì í fún un ní máàkì bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn máa ń ṣàpèjúwe ohun tí wọ́n rí ni.

Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Títí di ọdún 2015, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ẹṣin ní Yúróòpù gbé àdéhùn kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe gbogbo rẹ̀ ní orúkọ kan. Àdéhùn náà ní kí wọ́n máa wo ọgbẹ́ òkè àti ọgbẹ́ ìsàlẹ̀ bí àìsàn méjì. Ọgbẹ́ òkè ni ti ásíìdì tó ta síbi tí kò yẹ, tí mo ti ń ṣàlàyé bọ̀. Ọgbẹ́ ìsàlẹ̀ wà níbi tí ásíìdì ti yẹ kó wà, nítorí náà ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan ló ti ba ààbò ibẹ̀ jẹ́. Kí ni nǹkan náà? Ní ti èèyàn, kòkòrò Helicobacter pylori ni wọ́n rí pé ó ń fa púpọ̀ nínú ọgbẹ́ inú, Barry Marshall àti Robin Warren sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2005. Wọ́n ti wá a títí nínú ẹṣin, kò sí ẹ̀rí pé òun ló ń ṣe tiwọn. Ohun tí ìwádìí ń tọ́ka sí jù ni iṣẹ́ àti àárẹ̀ ọkàn: ẹṣin tí wọ́n ń gùn lójoojúmọ́ láìsí ọjọ́ ìsinmi, èyí tí oríṣiríṣi èèyàn ń gùn tí wọ́n sì ń tọ́jú. Ẹṣin bẹ́ẹ̀ lè máa jẹ koríko tó pọ̀ kó sì ní ọgbẹ́ ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan kọ́.

Omeprazole ni oògùn tí gbogbo ayé mọ̀ fún un, ọ̀kan náà tí àwọn èèyàn ń lò. Ọdún 1999 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ṣe fún ẹṣin. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń fún un, láàárọ̀ kí ikùn tó gba oúnjẹ, fún nǹkan bí ọjọ́ 28. Lórí ọgbẹ́ òkè, ó máa ń wo ọ̀pọ̀ jù lọ sàn. Lórí ọgbẹ́ ìsàlẹ̀, òun nìkan kò wo ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Wọ́n máa ń fi sucralfate, oògùn tó ń bo ojú ọgbẹ́, kún un níbẹ̀, tàbí kí wọ́n lo oògùn mìíràn tó ń jẹ́ misoprostol. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan misoprostol lásán o, torí ó lè ba oyún jẹ́. Mo ń sọ èyí nítorí pé obìnrin ló pọ̀ nínú àwọn tó ń fún ẹṣin ní oògùn ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sì sí ẹni tó máa rò pé oògùn ẹṣin lè kàn án.

Ó máa ń wu àwọn tó ní ẹṣin láti ra omeprazole tó dín lówó, tí wọ́n pò fúnra wọn níbì kan tí kò gba ìwé àṣẹ. Ẹ ṣọ́ra. Ásíìdì gan-an tí oògùn náà fẹ́ dá dúró lè bà á jẹ́ kó tó dé inú ìfun tí ara ti ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí èyí tó dára fi ní ohun tí wọ́n fi dáàbò bò ó. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ irú àwọn tí wọ́n pò bẹ́ẹ̀ wò, àwọn kan kò ní oògùn tó iye tí wọ́n kọ sára wọn. Èyí tó tún burú ni kí wọ́n dá oògùn dúró lójijì: ásíìdì lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, kí olówó ẹṣin sì rò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Ní ti àwọn ìyẹ̀fun àti àgbo tí wọ́n ń tà pé ó ń mú inú ẹṣin tutù, díẹ̀ nínú wọn ní ẹ̀rí pé wọ́n lè ran ẹṣin tó ti sàn lọ́wọ́. Láti wo ọgbẹ́ tó ti jinlẹ̀ sàn, mi ò rí èyí tó tó omeprazole.

Ẹnu ọ̀nà ni agbẹ̀du o. Ibi tí ẹṣin ti ń rí agbára gan-an wà lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ máa ń gba inú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn tó nǹkan bí 20 mítà, kọjá láàárín wákàtí díẹ̀, ibẹ̀ ni ara ti ń gba ṣúgà, sítáàṣì àti ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ló máa já sínú àpò kan tó gbà tó lítà 30, tí ẹnu ìwọlé àti ẹnu ìjáde rẹ̀ sún mọ́ ara wọn lókè, kó tó bọ́ sínú ìfun ńlá tó gbà tó lítà 80. Àìmọye kòkòrò àìfojúrí ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ koríko di oríṣi ásíìdì ọ̀rá tí ara lè lò. Nínú ẹṣin tó ń jẹ koríko nìkan, ibẹ̀ ni nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ti lè wá. A kì í bí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ ẹṣin tuntun. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ó rí i tó ń jẹ ìgbẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ má lé e. Bó ṣe ń kó wọn wọ inú nìyẹn.

Àwọn kòkòrò yìí kò fẹ́ ìyípadà òjijì. Bí wọ́n bá da ọkà fún ẹṣin ju ohun tí ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbà lọ, sítáàṣì tó kù á ṣàn sínú ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tó fẹ́ràn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, ibẹ̀ á kan, àwọn tó ń jẹ koríko á kú, májèlé á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ ló máa ń yọ sí nígbà mìíràn: awọ tó so egungun mọ́ pátákò á wú, ẹṣin ò ní lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá rí ẹṣin tó dúró tó fi gbogbo ara rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn láti gba ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sílẹ̀ kò ní gbàgbé. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí sítáàṣì má ju gíráàmù 1 lórí kílò ara kan lọ nínú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, kó má sì ju 2 lọ lóòjọ́. Fún ẹṣin 500 kílò, oúnjẹ óòtì ẹ̀ẹ̀kan kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ lé ní kílò kan.

Ìfun ńlá náà tún ní ìkọ̀ kan. Ó máa ń lọ síwájú, á padà, ibi tó sì ti ṣẹ́rí padà ní apá òsì ikùn, ó fún lójijì. Ibẹ̀ ni koríko tó gbẹ jù, tí ẹṣin kò mu omi tẹ̀ lé, ti máa ń há. Èyí jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń fa inú rírun ẹṣin, tí àwọn elédè òyìnbó ń pè ní colic. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù ń fà á, ìfun tó lọ́ mọ́ra ń fà á, yanrìn tí ẹṣin bá koríko kó mì ń fà á, aràn náà ń fà á. Nínú ẹṣin tó ti dàgbà, ìwúlé ọ̀rá tó ní okùn lè we mọ́ ìfun kó fún un pa. Nínú abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìfun ńlá lè yí po. Inú rírun wà lára ohun tó ń pa ẹṣin jù lọ.

Ẹṣin tí inú ń run á máa bojú wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ iwájú walẹ̀, á dùbúlẹ̀, á dìde, á tún yí gbirigbiri, òógùn á bò ó. Ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ pe dókítà. Ẹ má rọ òróró sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ. Tí dókítà bá dé, ohun tó kọ́kọ́ máa kà ni ọkàn rẹ̀: ti ẹṣin tó fara balẹ̀ kì í ju nǹkan bí 28 sí 44 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tó bá ti kọjá 60, ọ̀rọ̀ ti ń le. Á wo àwọ̀ èrìgì rẹ̀, á gbọ́ ìró ìfun lápá ọ̀tún àti lápá òsì, á sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ nídìí títí dé ìgúnpá láti fọwọ́ kan ìfun tó há. Lẹ́yìn náà ni yóò ti rọ́bà gba imú rẹ̀ dé agbẹ̀du. Kò sí ohun tó ń fi hàn kedere pé ẹṣin kì í bì tó èyí: omi tó lé ní lítà 10 lè máa tú jáde láti ẹnu rọ́bà sínú garawa, omi tí ì bá ti bẹ́ agbẹ̀du náà, nígbà míì kí ẹṣin sì fara balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí dókítà bá rí nínú gbogbo èyí ló máa sọ bóyá abẹ́rẹ́ ìrora àti omi ti tó, tàbí kí wọ́n gbé ẹṣin lọ síbi iṣẹ́ abẹ láìfi àkókò ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n sáré mẹ́nu kan àwọn yòókù. Eyín ẹṣin kò dáwọ́ híhù dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè mú bí abẹ. Ẹṣin tó ń ju koríko tó ti rún dàánù lẹ́nu nílò dókítà eyín, kì í ṣe oògùn ikùn. Omi: lítà 25 sí 50 lójúmọ́, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tí oòrùn bá mú. Láti mọ̀ bóyá yanrìn wà nínú rẹ̀, ẹ po ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́ omi nínú àpò náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, ẹ gbé e kọ́, kí ẹ wo ohun tó silẹ̀. Oògùn aràn tí wọ́n ń fún gbogbo ẹṣin lóṣooṣù láìka ẹyin aràn nínú ìgbẹ́ wọn ti sọ ọ̀pọ̀ aràn di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Phenylbutazone, oògùn ìrora tó wọ́pọ̀ jù lọ fún ẹṣin tó ń tiro, lè dá ọgbẹ́ sínú ìfun ńlá tí wọ́n bá lò ó pẹ́ jù tàbí pọ̀ jù.

Ní ọdún 2022, FEI, àjọ tó ń darí eré ìdárayá ẹṣin lágbàáyé, gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí ohun tó tọ́ láti ṣe sí ẹṣin àti àlàáfíà rẹ̀, nígbà tí àwọn ará ìta ti ń béèrè bóyá ó tọ́ kí irú eré bẹ́ẹ̀ máa bá a lọ bó ṣe wà. Láàárín àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹṣin, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń kà pé kò yẹ kí ẹṣin kankan ṣaláìní: ẹgbẹ́ rẹ̀, koríko, àti àyè láti rìn. Ilé ẹṣin òde òní, níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń dá gbé yàrá tirẹ̀ fún wákàtí tó lé ní 20 lójúmọ́, kò fún un ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe yẹ.

Mo mọ èsì tí àwọn tó ń kọ́ ẹṣin fún ìdíje máa ń fọ̀. Ilẹ̀ kò tó. Ẹṣin tó bá wà ní pápá lè ṣèṣe kí ọjọ́ ìdíje tó pé. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òótọ́ tún wà nínú pé pápá kì í ṣe oògùn fún gbogbo ẹṣin: àwọn ẹṣin kúkúrú tí ara wọn máa ń tọ́jú gbogbo ohun tí wọ́n bá jẹ lè sanra débi pé koríko tútù ló máa ba pátákò wọn jẹ́. Wọ́n sì ti rí ọgbẹ́ nínú agbẹ̀du àwọn ẹṣin tó ń gbé inú igbó fúnra wọn pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kéré gan-an sí ti àwọn tó wà nílé.

Síbẹ̀, ohun tó ṣeé ṣe nínú ilé ẹṣin tó wà nílẹ̀ báyìí pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lọ. Koríko tó tó ìdá 1.5 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹṣin lójúmọ́, tí wọ́n wọ̀n lórí ìwọ̀n, kì í ṣe èyí tí wọ́n fojú dá. Tí ẹṣin bá sanra jù, wọ́n lè ki koríko náà sínú àwọ̀n olójú kékeré kó lè pẹ́ jẹ, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi kí ṣúgà rẹ̀ dín. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún un kẹ́yìn lálẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú ilé ẹṣin èyíkéyìí: aago mélòó ni wọ́n gbé e sílẹ̀, aago mélòó ló tán, aago mélòó ni ẹnikẹ́ni tún padà wá láàárọ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Fún ẹṣin tó ní ọgbẹ́ ìsàlẹ̀, ọjọ́ méjì ìsinmi láàárín ọ̀sẹ̀ àti ẹni kan náà tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣe pàtàkì bí oògùn. Ìyípadà oúnjẹ èyíkéyìí ní láti gba ọjọ́ 10 sí 14, kí àwọn kòkòrò inú ìfun lè bá a mu, kí wọ́n sì má dá oògùn dúró títí kámẹ́rà yóò fi padà wọlé lẹ́yìn ọjọ́ 28 láti wò ó bóyá ojú ọgbẹ́ ti jinná.